Ariwo Tó Ń Lé Ẹja

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run tó ni omi, tó ni ẹja inú omi, tó sì tún ni àwa tí à ń gbé lórí omi! Hallelúyà! Háà, ohùn yín kéré o. Ẹ má jẹ́ kó dà bí ìgbà tí mo bá bi àwọn ọmọ yín ní ìbéèrè, tí gbogbo wọn á máa wo ẹsẹ̀ ara wọn. Mo ní Hallelúyà! Ẹn-ẹ́n, ẹ ṣeun.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Ìbùkún, tí àwọn ọmọdé ń pè ní Ántí Lẹ́sìnnì. Molútẹ̀hìn ni wọ́n ti bí mi, ọkọ ló gbé mi wá sí Máhìntẹ̀dó níbí, mo sì ti di ti yín, ẹ kò lè lé mi mọ́. Iṣẹ́ mi ni pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti lítíréṣọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Àwọn kan máa ń bi mí pé ta ló ń rán ọmọ lọ kọ́ èdè tó ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé gbogbo wa la lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Alága ètò ti rán mi létí pé kí ẹ̀rí má gùn. Mo ti gbọ́ sà. Ṣùgbọ́n tíṣà lítíréṣọ̀ lẹ gbé máìkì fún, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fà lẹ́sẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ bí ayé wa ṣe rí níbí. Ọmọ tó bá ti ilé ìwé dé kò ráyè jókòó. Àwọ̀n wà tó máa bá bàbá rẹ̀ tún ṣe, ẹja wà tó máa bá ìyá rẹ̀ yan, ọjà wà tí wọ́n máa wa ọkọ̀ lọ. Bí mo bá ní kí wọ́n wá jókòó sójú kan, èmi nìkan ni máa kọ́ ara mi. Mo wá rò ó pé bí ọmọ kò bá ráyè wá bá ìwé, kí ìwé máa lọ bá ọmọ. Mo máa ń jókòó tì wọ́n nídìí ààrò ẹja, a ó máa ka ìtàn, èéfín á máa ṣe ojú wa bí ó ṣe fẹ́. Bí wọ́n bá sì ń wa ọkọ̀ lọ sọ́jà, mo máa ń bá wọn wọ̀ ọ́, a ó sì máa ké ewì lọ. Bí àjẹ̀ bá ṣe ń wọ omi ni ìlà ewì kọ̀ọ̀kan ń jáde lẹ́nu wọn. Ọmọ tó bá fi àjẹ̀ kọ́ ewì, kó tó gbàgbé rẹ̀, á kọ́kọ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ewì kan tí èmi fúnra mi kọ láti fi kọ́ wọn ní àwítúnwí. Ẹ jẹ́ n kà á fún yín, kò gùn:

Omi kì í kánjú, omi ń dé òkun,
Ẹsẹ̀ kì í kánjú, ẹsẹ̀ ń dé ọjà,
Ọwọ́ kì í kánjú, ọwọ́ ń hun àwọ̀n,
Ọmọ tó ń kàwé, má kánjú, wàá dé.

Mo rí ẹ̀yin akọrin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ewì yẹn ló gbé mi dé iwájú pẹpẹ lónìí.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Bàbá Sùlè. Ẹ má wo ẹ̀yìn, mo ti gbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀ kí n tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ mọ Bàbá Sùlè, apẹja àgbà, Mùsùlùmí òdodo, ẹni tí kì í pa ìrun rẹ̀ jẹ, tí kì í sì í pa ìjà rẹ̀ jẹ pẹ̀lú. Gbogbo wa la mọ àwọ̀n rẹ̀ lójú omi, nítorí pé sílípáàsì tó ti gbó ló máa ń gé wẹ́wẹ́, tó máa ń so mọ́ ọn kó lè léfòó. Bí ẹ bá rí sílípáàsì búlúù àti pupa tó tò lórí omi bí ọmọ ilé ìwé tó wà lórí ìlà, ẹ yà fún un. Ti Bàbá Sùlè ni.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ níbí pé bí àwọ̀n bá wà nínú omi, èèyàn kì í lu ìdí ọkọ̀, èèyàn kì í sì í pariwo, kí ẹja má baà sá. Bàbá Sùlè wá ní ewì wa burú ju ìlù lọ. Ó ní ìlù máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n èmi kì í dákẹ́. Kò sí ibi tí a ti ké ewì yẹn lórí omi tí bàbá yìí kì í yọ sí wa. Ì báà wà lókèèrè, á gbọ́. Ì báà máa jẹun lọ́wọ́, á gbé oúnjẹ jù sílẹ̀, á gbé àjẹ̀. Ẹ sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i: “Ìyàwó! Ṣé àwọn ẹja lo tún fẹ́ máa kọ́ níwèé ni?”

Èmi náà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bú tó máa gbé e mì. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i tán pátápátá, kí n tó wá fèsì. Mo ní, “Bàbá, bí ẹja bá kàwé, ṣebí kò ní kó sí àwọ̀n yín mọ́.” Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, inú bàbá á tún wá ru sókè sí i. Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ nìyẹn. Baálẹ̀ gbọ́ tẹnu mi, wọ́n gbọ́ tẹnu Bàbá Sùlè, wọ́n sì dájọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀n bá wà nínú omi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ké ewì lórí omi mọ́. Ẹ̀yin ará, mo délé, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ìtìjú o. Nítorí Tèmítọ́pẹ́ ni.

Tèmítọ́pẹ́, dìde, ọmọ mi, kí wọ́n rí ẹ. Ẹ wò ó. Ẹ má wo ẹwà rẹ̀ o, orí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, ẹja yíyan ni wọ́n sì fi ń jẹun. Orí omi, lójú ọ̀nà ọjà, nìkan ni ọmọ yìí ti ń ráyè gba lẹ́sìnnì. Léṣìí tó jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde, ó yege nínú gbogbo rẹ̀, àfi lítíréṣọ̀ tí kò lè jókòó ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ibà dá a dùbúlẹ̀, tí kò lè gbé orí sókè. Iṣẹ́ olùkọ́ ló fẹ́ kọ́, kò sì sí bó ṣe lè kọ́ ọ láìsí lítíréṣọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá ti Èkó dé, ó ní òun fún un ní ọdún kan sí i, pé bí ìdánwò náà bá tún bọ́, òun máa mú un lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó. Ó tiẹ̀ ti bá ẹni tó máa gbà á sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ó kàn rò pé àánú ni òun ń ṣe ni. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni ọmọ yìí ń wò mí lójú bí ẹni tó di okùn kan ṣoṣo mú, èmi sì ni okùn náà.

Mo pa àṣẹ Baálẹ̀ mọ́. À ń ké ewì wúyẹ́wúyẹ́ nínú ọkọ̀ bí ẹni tó jí adìyẹ gbé. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò nílé kí ẹ rí bó ṣe ń rí.

Báyìí ni ọjọ́ ìdánwò dé. Ọmọ mẹ́rin ni mo ń kó lọ sí Igbókọ̀dá tí wọ́n ti ń ṣe é, Tèmítọ́pẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta mìíràn. Mo ní n kò fẹ́ kí wọ́n wa ọkọ̀ kí apá máa ro wọ́n nígbà tó yẹ kí wọ́n máa kọ̀wé, ni mo bá lọ gba ọkọ̀ ẹ́ńjìnì. Awakọ̀ náà ń yangàn, ó ní ẹ́ńjìnì òun tuntun ni. Mo bi í pé àjẹ̀ dà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni òun fẹ́ fi àjẹ̀ ṣe. Ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ orí omi wo ló ń kúrò nílé láìmú àjẹ̀ dání? Ṣùgbọ́n ojú mi ti wà ní Igbókọ̀dá, a gbàdúrà, a sì gbéra.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ koríko orí omi yìí, èyí tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀. Èmi rò pé àwa gan-an la fi àdúrà bọ́ ọ. Lójoojúmọ́ là ń sọ pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò, koríko yẹn gbọ́, ó ní àmín, ó sì lékè. Ní òwúrọ̀ yẹn, ìjì òru ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ojú ọ̀nà wa. Awakọ̀ ní kò sí wàhálà, òun máa gba àárín rẹ̀ kọjá. A wọ inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ké wáá, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Koríko ti wé mọ́ ohun tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá di gèlè. Ó fà á títí, okùn ẹ́ńjìnì já mọ́ ọn lọ́wọ́. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí, a ò sì ní àjẹ̀. Mo yọ fóònù, nẹ́tíwọọ̀kì kò sí.

Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ẹ gbà wá o. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ohùn ẹnì kan kò lè borí atẹ́gùn, àwọn ọmọdé wa sì ti fi “ẹ gbà wá o” ṣeré lórí omi débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé eré ni. Ohùn rẹ̀ há. Oòrùn ń gòkè. Tèmítọ́pẹ́ kò pariwo, omi kàn ń dà lójú rẹ̀ sórí yunifọ́ọ̀mù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ láàárọ̀. Ó ní, “Ántí, ó tún ti bọ́ nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé ọkàn.

Mo ní ká gbàdúrà. Kò sí àdúrà gígùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Olúwa, ìwọ lo ni omi yìí. Jọ̀wọ́, fún wa lọ́nà, nítorí ọmọ yìí.” Mo ní àmín, mo lajú. Kí ni mo rí? Sílípáàsì! Sílípáàsì búlúù àti pupa, wọ́n tò lọ tééré ní ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn koríko. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí. Ẹ gbọ́ nǹkan tó jáde lẹ́nu èmi tíṣà wọn. Mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ rọra sunkún o, àwọ̀n Bàbá Sùlè wà níbí.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni Ẹ̀mí Mímọ́ là mí lọ́yẹ. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ọkọ̀ mú. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn, wọ́n rò pé orí Ántí ti dàrú. Ṣé ẹ rí i, ẹni kan ṣoṣo wà ní ayé yìí tí kò lè gbọ́ ewì wa kó má wá. Ẹni tó bá ké pè é fún ìrànlọ́wọ́, ó lè má gbọ́. Àmọ́ ewì yẹn! Á gbọ́ ọ bó tiẹ̀ ń sùn. Mo ní, “Ó yá, ẹ ké ewì yín! Ẹ ké e kó dé ìlú, kí ẹ sì máa lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀!” Tèmítọ́pẹ́ nu ojú, ó ní Ántí, Baálẹ̀ ti ní ká má ké e mọ́. Mo ní, “Ké e, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, èmi ni máa lọ kúnlẹ̀.”

Hallelúyà! Àwọn ọmọ bá la ẹnu. Omi kì í kánjú, gbàà! Omi ń dé òkun, gbàà! Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyẹ fò lórí igi. Awakọ̀ tí ohùn rẹ̀ ti há náà ń lu ẹ́ńjìnì rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí mo fi gbọ́ ọ lókèèrè, ohùn tó dùn mọ́ mi ju orin lọ: “Ìyàwó! Ìyàwó! Mo ní ìyàwó yìí!”

Bàbá Sùlè ń bọ̀. Ó fi àdá gé koríko bọ̀ wá bá wa bí ẹni tó ń gé ọ̀tá. Èdè Ìlàjẹ tó jinlẹ̀ ló fi ń bú wa, n kò sì ní tú gbogbo rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Èyí tó ṣeé sọ níbẹ̀ ni pé a kì í gbọ́rọ̀, pé ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àwọ̀n, pé lónìí ni òun àti èmi máa jọ wọ ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ wá o.”

Ó ní, “Èmi kò wá fún ọ! Ìjà ni mo bá wá!”

Mo ní, “Ìjà náà dáa, Bàbá. Ẹ ṣá máa bọ̀.”

Ìgbà tó gé koríko tó kù tán ló rí wa dáadáa. Ó rí ẹ́ńjìnì tó kú. Ó rí yunifọ́ọ̀mù. Ó rí Tèmítọ́pẹ́ tí ojú rẹ̀ ti wú. Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn ọmọ náà, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Ó rọ àdá sílẹ̀, ó ní, “Ṣé lónìí ni ìdánwò yẹn?” Ọmọ náà kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló kù tí koríko kò tíì dí, ibẹ̀ gan-an sì ni Bàbá Sùlè na àwọ̀n rẹ̀ sí. Ẹ̀yin apẹja tó wà níbí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kí èèyàn fa àwọ̀n sókè nígbà tí ẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀ ọ́, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló dà nù yẹn. Ó wo sílípáàsì rẹ̀ tó tò lọ. Ó wo ọmọ náà. Ó wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọ̀n. Mo ní, “Bàbá, ẹja ńkọ́?” Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹja á tún wá lọ́la. Ìdánwò kò ní wá lọ́la.”

Ẹ jẹ́ n mí ná.

Ó kó wa sínú ọkọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ dúró ti ẹ́ńjìnì rẹ̀ tuntun. Bàbá Sùlè wà lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀, ó sì ní àjẹ̀ méjì mìíràn tó fún àwọn ọmọ kí wọ́n jọ máa wà á. Ìkánjú ti wá mú wọn. Èyí ń wà á báyìí, ìyẹn ń wà á báyìí, ọkọ̀ ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, omi ń ta sí wa lára. Gbogbo wa dákẹ́ lójú rẹ̀, ta ló fẹ́ dán an wò? Bàbá Sùlè mú un mọ́ra, mú un mọ́ra, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fi àjẹ̀ gbá omi, ó pariwo pé: “Kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ìgbà tí mo fẹ́ kí ẹ dákẹ́, ẹ ò dákẹ́. Ẹ ké nǹkan yín yẹn kí ọkọ̀ tọ́!”

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tóbi! Ìlà àkọ́kọ́ jáde, àjẹ̀ mẹ́ta wọ omi papọ̀. Ìlà kejì jáde, ọkọ̀ tọ́. Ó ń sá lọ gééré! A kọjá lára àwọn ìyá tó ń fọ ẹja létí omi, wọ́n rí Bàbá Sùlè pẹ̀lú ewì, ọ̀kan nínú wọn sì gbé ọwọ́ lé orí, ó ní ayé ti yí o. Bàbá kò wò wọ́n. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ó sọ pé àdúrà ni òun ń gbà. Èmi kò bá a jiyàn.

A dé jẹ́tì Igbókọ̀dá, a sáré. Wọ́n ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò. Obìnrin tó di ilẹ̀kùn mú wo àwọn ọmọ, yunifọ́ọ̀mù tó tutù, koríko lára ìbọ̀sẹ̀, ó ní ṣé inú odò ni wọ́n ti ń bọ̀ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yà fún wọn. Wọ́n wọlé! Gbogbo wọn wọlé!

Mo rò pé Bàbá Sùlè máa padà, kò padà. Ó ní ta ló máa gbé wọn lọ sílé, ṣé ọkọ̀ ẹ́ńjìnì ni? Nígbà tí àkókò ìrun tó, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ìdí jẹ́tì, ó kírun. Èmi náà kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo bá Bàbá mi tó ń bẹ lọ́run sọ̀rọ̀. A jókòó pọ̀, a jẹ búrẹ́dì, a ò bá ara wa jà. Èyí nìkan tó ẹ̀rí.

Tèmítọ́pẹ́ jáde, ẹ̀rín ló bá jáde. Ó ní wọ́n béèrè àwítúnwí, pé nígbà tí ẹ̀rù ń ba òun, òun ń fi ẹsẹ̀ wa ọkọ̀ lábẹ́ tábìlì, gbogbo rẹ̀ sì padà wá sí orí òun. Èsì ìdánwò ti jáde báyìí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yege! Lítíréṣọ̀ Tèmítọ́pẹ́ ló dára jù nínú gbogbo èsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá láti Èkó, òun tó fẹ́ mú un lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó jó lórí àfárá pákó wa títí a fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, kí àfárá má já. Òun ló ra báàgì tó máa gbé lọ, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti gbà á wọlé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ló ń lọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù!

Ó ku díẹ̀, alága ètò, mo ti rí ọwọ́ yín. Ẹja ńkọ́? Ẹ ò ní bi mí ni? Bàbá Sùlè ní àwọ̀n kejì tó nà sí ẹnu odò lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó padà débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹja tó wà nínú rẹ̀, agbára káká ló fi fà á sínú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé ariwo wa ló lé wọn wọ̀ ọ́. Títí di òní, kò gbà. Ó ní ẹja kò bá òun sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ń lọ sí lẹ́sìnnì báyìí, ó máa ń bi mí pé ọ̀nà ibo la máa gbà.

A ti lọ sí ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ pọ̀, mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe ṣèlérí. Bàbá Sùlè fúnra rẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún mi. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé nígbàkigbà tí òun bá ti kó àwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú omi, òun á ta aṣọ funfun sórí òpó iwájú ilé òun. Bí aṣọ bá ti gòkè, kí Ántí Lẹ́sìnnì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ké ewì dé Èkó. Bí aṣọ kò bá gòkè, kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo sì ń pa á mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi, ó ní òun náà máa lọ ra aṣọ funfun.

Mo bẹ Bàbá Sùlè pé kó wá gbọ́ ẹ̀rí mi lónìí. Ó ní òun kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ṣùgbọ́n òun lè jókòó nínú ọkọ̀ òun lábẹ́ fèrèsé, pé bí mo bá purọ́, òun máa gbọ́. Ó wà níbẹ̀ báyìí, ó ń fi abẹ́rẹ́ tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Bàbá, ṣé mo purọ́? Ẹ gbọ́ ọ? Ó ní mo sọ̀rọ̀ jù, pé àmọ́ n kò purọ́.

Nítorí náà, ẹ dìde, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Ẹni tó bá ní ohun kan tó ń retí, tó dà bíi pé koríko ti dí ọ̀nà rẹ̀, ẹ bá mi pariwo yìí. Ẹ má rọra ṣe é. Ẹ wo ìta fèrèsé, ní iwájú ilé Bàbá Sùlè. Ṣé ẹ rí aṣọ funfun lórí òpó? Kò sí àwọ̀n nínú omi lónìí. Ó yá, ẹ ké Hallelúyà!